Ẹ́ńjìnnì Oní-tọ́bò nínú Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù: Ǹjẹ́ Ó Ṣeé Gbára Lé?



Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí kúrú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ jìn. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní tọ́bò, ǹjẹ́ ó ṣeé gbára lé? Ǹjẹ́ lóòótọ́ ni ó sì ń dín ìnáwó epo kù? Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni èyí, pé kí ni ó kan olùkọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ìwó kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti ń ti oko wọ ọjà Odò-Ọ̀rì, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ gba Ìbàdàn àti Òṣogbo lọ, píkọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun afẹ́. Òun ni ẹsẹ̀ àgbẹ̀, òun ni èjìká oníṣòwò. Àwa olùkọ́ pàápàá a máa dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ra ọ̀kan, kí ohun tí ó bá ń pa wọlé lè kún owó oṣù. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dákú sójú ọ̀nà, kì í ṣe irin nìkan ni ó bàjẹ́. Owó ilé-ìwé ọmọ ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Nígbà tí a wà léwe, ọkọ̀ tí a mọ̀ kò ní ohun tí ń jẹ́ tọ́bò. Peugeot ni ó gbòde, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Píkọ́ọ̀pù 504 sì jáde ní 1979. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọ̀nyí kì í lò ju afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá lè fà símú. Mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú u ní òwúrọ̀ kí ó tó o padà kí oòrùn tó wọ̀. Lónìí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì tòkúnbọ̀ tí ń wọ ìlú ni ó ní tọ́bò, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sì ń rà wọ́n ni kò mọ ohun tí ó rà.

Kí ni tọ́bò? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé arọ́. Bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ kí irin pọ́n kíákíá, kò ní máa kó èédú nìkan sí i. Yóò ní kí wọ́n fín ẹwìrì. Afẹ́fẹ́ ni iná ń jẹ. Bí èédú bá pọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tó, èéfín ni a ó rí. Ẹwìrì ni tọ́bò jẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ọmọ-iṣẹ́ ni ó ń fín in, bí kò ṣe èéfín gbígbóná tí à bá dà nù. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru tí ó wà nínú epo tí a ń jó ni ó ń bá èéfín jáde lọ lásán. Tọ́bò a gba èéfín yìí lójú ọ̀nà, a fi yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Ọ̀pá tí ó wà láàárín a sì yí abẹ̀bẹ̀ kejì, tí yóò máa ki afẹ́fẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ará Switzerland kan, Alfred Büchi, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ yìí ní 1905. Inú ọkọ̀ ojú omi ńlá àti ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ ti gbilẹ̀. Ó di 1978 kí Mercedes tó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dísẹ́ẹ̀lì oní-tọ́bò wọ ọjà Amẹ́ríkà, kí ó tó wá di ohun tí a ń rí lára píkọ́ọ̀pù káàkiri ayé.

Ẹ jẹ́ kí n fi píkọ́ọ̀pù Toyota Hilux méjì tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ń lo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.7, kò sì ní tọ́bò. Èkejì ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ó jẹ́ lítà 3.0, ó sì ní tọ́bò. Iye agbára ẹṣin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí 160. Ṣùgbọ́n bí a bá wọn agbára tí wọ́n fi ń yí táyà, ti bẹntiróòlù jẹ́ 241 níbi tí ti oní-tọ́bò ti jẹ́ 343. Ti bẹntiróòlù kì í dé góńgó títí ẹ́ńjìnnì yóò fi yí ìgbà 3,800 ní ìṣẹ́jú kan; ti oní-tọ́bò ti dé góńgó ní 1,400. Èyí ni pé bí ẹ bá di ẹrù ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ẹ sì dé ẹsẹ̀ òkè, ọ̀kan yóò máa pariwo kí ó tó gùn ún, èkejì yóò rọra gùn ún bí ẹni tí kò rù nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì tí kò sáré púpọ̀ kì í mu epo púpọ̀. Ní ti èyí, òótọ́ ni àwọn tí ń yin tọ́bò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí epo dínkù nínú táńkì, ọ̀tọ̀ ni kí owó dínkù lápò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan, ẹ̀yin olùkọ́ sì lè gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ká ní ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì mu lítà 10 fún kìlómítà 100 pẹ̀lú ẹrù, tí ti bẹntiróòlù sì mu lítà 14. Ní 2022, nígbà tí ogun Ukraine ti gbé owó epo sókè, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan kọjá 700 náírà ní ilẹ̀ wa, nígbà tí ìjọba ṣì fi lítà bẹntiróòlù sí 165 náírà. Ọkọ̀ tí kò mu epo púpọ̀ ná 7,000 náírà; alámupara ná 2,310. Àwọn tí ó ra oní-tọ́bò nítorí àti fi owó pamọ́ ká ìka àbámọ̀ sẹ́nu ní ọdún náà. Ní 29 oṣù Kárùn-ún 2023, ìjọba kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù Keje tó parí, bẹntiróòlù ti dé 617 náírà. Ní ìparí 2024 ó ti kọjá 1,000. Àlàfo tí ó wà láàárín epo méjèèjì wá dínkù, ìṣirò sì yí padà.

Nítorí náà, n kò ní sọ pé ẹ ra tibí tàbí ẹ ra tọ̀hún. Òfin kan ni n ó fún yín. Ẹ fi iye lítà dísẹ́ẹ̀lì pín iye lítà bẹntiróòlù. Nínú àpẹẹrẹ wa, 14 tí a fi 10 pín jẹ́ 1.4. Bí bẹntiróòlù bá jẹ́ 1,000 náírà, oní-dísẹ́ẹ̀lì ń jèrè níwọ̀n ìgbà tí dísẹ́ẹ̀lì kò bá kọjá 1,400. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àdánù ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tí ń ṣe ojú kòkòrò sí bẹntiróòlù oní-tọ́bò. Ní Amẹ́ríkà, láti orí F-150 ti ọdún 2011 ni Ford ti ń fi ẹ́ńjìnnì sílíńdà 6 oní-tọ́bò méjì sínú píkọ́ọ̀pù tí à bá fi sílíńdà 8 sí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìrù ẹrù, kì í mu epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo tí ẹsẹ̀ awakọ̀ sì wúwo, ẹ́ńjìnnì a máa tú epo kún epo kí inú rẹ̀ má baà gbóná jù. Ohun tí a ń pa mọ́ ní òwúrọ̀, a ó ná an tán ní ọ̀sán.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ ìgbáralé, níbi tí omijé wà. Ọ̀pá àárín tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Irin kì í gbé irin ní irú eré bẹ́ẹ̀. Orí ìpele ọ́ìlì tí ó tinrin ju irun lọ ni ọ̀pá náà ń léfòó sí. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí, tàbí tí kò tètè dé ibẹ̀, irin yóò họ irin, iṣẹ́ parí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo wà nínú rẹ̀ ra irú ọkọ̀ yìí ní tòkúnbọ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín búlúù, tí tọ́bò sì ń hu bí ajá. Mẹkáníìkì ní kí a ra tọ́bò àlòkù mìíràn. A rà á, ó dè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó lò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo akápò bí olè. Àwọn kan ní ayé ni, àwọn kan ní kí a tà á gbà. Àgbà mẹkáníìkì kan ni ó tú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ọ́ìlì lọ bá tọ́bò, tí ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí atẹ́gùn kò jáde. Ọ́ìlì tí ó jóná ti di èédú nínú rẹ̀. Tọ́bò kejì kò ṣàìsàn. Òùngbẹ ni ó pa á. Kí ni ó sì sọ ọ́ di èédú? Awakọ̀ wa ni. Yóò ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú eré, yóò gbé ọkọ̀ dúró, yóò sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì tí ó wà lára irin tí ó pọ́n bí ẹ̀yin iná kò ní ibi tí yóò gbà lọ mọ́, ni ó bá din níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tí ìbá fi jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí jẹ́jẹ́ kí ó tó pa á ni a fi owó tọ́bò méjì san.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́ láìwádìí ohun tí ó bà á jẹ́ yóò tún pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ́ìlì ni afẹ́fẹ́. Ìyẹ̀pẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko wa kò mọ ojú. Bí fílítà bá ya, eruku yóò máa họ abẹ̀bẹ̀ bí ìgbà tí a ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ni epo. Àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì òde òní ń fi agbára tí ó ju ẹgbẹ̀rún ìlọ́po agbára afẹ́fẹ́ ayé lọ tú epo láti ẹnu nọ́súlù tí ihò rẹ̀ kéré púpọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n po kẹrosíìnì mọ́, tàbí tí omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, yóò jẹ nọ́súlù náà run. Ìgbà púpọ̀ ni wọ́n ti dá tọ́bò lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ tí epo dá. Ní 2020 àwọn mínísítà ilẹ̀ ECOWAS fẹnu kò pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021, imí-ọjọ́ inú epo tí a ń kó wọlé kò gbọdọ̀ ju milígíráàmù 50 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Ìpinnu rere ni, nítorí pé imí-ọjọ́ a máa di omi kíkan nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé àti ohun tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà lè má jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ orísun epo rẹ̀, kí ó tètè máa pààrọ̀ ọ́ìlì ṣáájú àsìkò tí ìwé ọkọ̀ wí.

Àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé kí a kúkú yọ tọ́bò dànù, kí a dí ojú ọ̀nà rẹ̀ pa? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n wọn epo rẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tọ́bò kò lè padà di ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Yóò máa tú èéfín dúdú, kò ní lè gun òkè, owó epo tí a ń sá fún yóò sì tún pọ̀ sí i. A kì í torí pé ọmọ-iṣẹ́ fa ẹwìrì ya, kí a wó ilé arọ́.

Kí ni ìdáhùn mi? Igi gọ́gọ́rọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹ tó rà, ẹ tú páìpù afẹ́fẹ́, ẹ fi ìka mi ọ̀pá tọ́bò. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ń kan ara ilé rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo èéfín nígbà tí wọ́n bá tẹ iná mọ́ ọn: búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ni ó ń jó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹrù wíwúwo àti ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́, tí awakọ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní sùúrù, tí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ti ń ra epo, dísẹ́ẹ̀lì oní-tọ́bò ṣeé gbára lé, yóò sì pa owó mọ́ fún yín. Bí ó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú láàárín ìlú, tí ọwọ́ mẹ́ta ń wà á, tí ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, ẹ ra bẹntiróòlù tí kò ní tọ́bò, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, a máa ń kọ ooru, ìtìsí afẹ́fẹ́ àti ìlọ́po sí ojú pátákó bí ẹni pé ìdánwò nìkan ni wọ́n wà fún. Gbogbo wọn ni ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ní gáréèjì. Ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ wò ó. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú kan kí a tó pa á lè gba ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ìjà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.