Wákàtí Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ní Ìkẹjà)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tí ó pè mí láti wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹfun ìkọ̀wé ni irinṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ a máa ní ọmọ níbi gbogbo, àwọn kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́ ní ìṣirò sì ti di ẹni tí ń ṣọ́ aboyún lóru. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn àti ohun tí mo kà ni mo kó wá síwájú yín.

Gbogbo wa ni a mọ àdúrà tí a máa ń gbà fún aboyún: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ẹni tí ó kúnlẹ̀ láti bímọ wà láàárín ayé àti ọ̀run. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni pé ìmọ̀ òde òní ti mú kí ọ̀pọ̀ nínú ewu náà ní oògùn. Ṣùgbọ́n oògùn kò lè ṣiṣẹ́ bí àkókò bá ti lọ. Wákàtí ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí fi ń jà, ọwọ́ àwa ará ilé àti ará ìlú ni púpọ̀ nínú wákàtí náà sì wà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ní ọdún 1955, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni a dá ilé ìwòsàn kékeré kan sílẹ̀ ní ìlú yìí. Ó dàgbà títí ó fi di Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò, nígbà tí ó sì di ọdún 2001, ó di ilé ìwòsàn tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn, èyí tí a ń pè ní LASUTH. Nínú ọgbà rẹ̀ ni Ayinke House wà, ilé ìgbẹ̀bí tí olóògbé Sir Mobolaji Bank-Anthony fi ta ìlú lọ́rẹ, tí ìjọba tún kọ́, tí a sì tún ṣí ní ọdún 2018. Bí ilé ìwòsàn ti ń dàgbà ni ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní ọ̀nà Ọba Akran, tí oko obì Agége sì ń di ilé àti òpópónà. Àwọn ọ̀dọ́ wá iṣẹ́ wá láti ìlú gbogbo, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n sì ń bímọ. Nítorí náà ọ̀rọ̀ aboyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ní àdúgbò yìí.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìrọbí tó dé. Nígbà tí aboyún bá lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì a so aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá láti wọn ìfúnpá rẹ̀. Bí ó bá tó 140 lórí 90, ojú rẹ̀ a là sí i. Bí ó bá tó 160 lórí 110, ọ̀rọ̀ ti di ti kíákíá. A yẹ ìtọ̀ wò, bóyá èròjà purotéènì wà nínú rẹ̀. A wo ẹ̀jẹ̀, bóyá ó ti dínkù. A fi ọwọ́ àti okùn ìwọ̀n wo bí ikùn ti ń dàgbà. Lẹ́yìn náà a gbé ohun èlò kan tí ó dà bí fèrè kékeré lé ikùn, èyí tí Adolphe Pinard, oníṣègùn ará Faransé, ṣe ní ọdún 1895, a sì dẹ etí sí ọkàn ọmọ. Ọkàn náà gbọ́dọ̀ lù láàárín 110 sí 160 nínú ìṣẹ́jú kan. Àwọn ìyá kan a máa ráhùn pé, «Àwọn nọ́ọ̀sì kò ṣe nǹkan kan fún mi, wọ́n kàn wọ̀n mí, wọ́n ní kí n máa lọ.» Ẹ̀yin ìyá mi, wíwọ̀n yẹn ni iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kì í sábà dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n kò ní mọ̀ ọ́n títí gìrì yóò fi gbé aboyún ṣánlẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní ọdún 2016 pé kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera ní ìgbà 8 ó kéré tán, kí ti àkọ́kọ́ sì wáyé kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12.

Wàyí o, bí ewu bá dé ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ti ṣírò iye àkókò tí ó máa ń wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ ewu kọ̀ọ̀kan àti ikú, bí a kò bá tọ́jú ìyá. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbímọ, wákàtí 2. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà kí ọmọ tó wáyé, wákàtí 12. Ilé ọmọ tí ó ya, ọjọ́ 1. Gìrì aboyún, ọjọ́ 2. Ọmọ tí ó há, ọjọ́ 3. Àkóràn tí ó wọ inú ìyá, ọjọ́ 6. Ìṣirò agbedeméjì ni èyí, ẹlòmíràn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ iye wọ̀nyí sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà ṣáájú ìbímọ. Ọ̀nà méjì ni ó sábà máa ń gbà wá. Nígbà mìíràn, ibi ọmọ ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ; ẹ̀jẹ̀ pupa a máa dà láìsí ìrora, ìyá a sì rò pé kò sí nǹkan. Nígbà mìíràn, ibi ọmọ ni ó já kúrò lára ilé ọmọ ṣáájú àkókò; ikùn a le bí pákó, a máa ro ìyá gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí a rí lóde lè kéré nítorí pé inú ni ó kó sí. Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tí ń gba ilé ọmọ kọjá tó ìlàjì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ wò ó bí ìdádúró díẹ̀ ti lè náni tó.

Bí irú aboyún bẹ́ẹ̀ bá dé wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Yóò kígbe pe dókítà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò dá ìyá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ilé ọmọ má baà tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀. Yóò fi abẹ́rẹ́ onífèrè gbòòrò sí apá méjèèjì láti fa omi sí i lára, yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ irú èyí tí ó bá a mu, yóò sì gbọ́ ọkàn ọmọ. Ohun kan wà tí kò ní ṣe: kò ní ti ọwọ́ bọ ojú ara ìyá títí ẹ̀rọ ayàwòrán yóò fi sọ ibi tí ibi ọmọ wà, nítorí pé ìka kan lè gún ibi ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ sì ya bí odò. Ẹ wo bí ìmọ̀ ti ń ka ọwọ́ kò nígbà mìíràn.

Ti gìrì ńkọ́? Oògùn rẹ̀ ni magnesium sulphate, èyí tí kò wọ́n púpọ̀. Ní ọdún 2002 ni a tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan tí a ṣe láàárín àwọn aboyún tí ó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà wà nínú wọn: oògùn náà dín gìrì kù ju ìdajì lọ lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru oyún ń bá jà. Ṣùgbọ́n oògùn yìí nílò olùṣọ́, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá èémí dúró. Nítorí náà nọ́ọ̀sì a máa jókòó ti aláìsàn: a máa ka èémí rẹ̀, kí ó má ṣe dín ní 16 nínú ìṣẹ́jú kan, a máa lu orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré láti rí i bóyá ẹsẹ̀ ń ta, a sì máa wọn ìtọ̀ rẹ̀, kí ó má dín ní 30 mìlílítà ní wákàtí kan. Títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ni yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo wa wà lórí ẹní.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ké, tí ará ilé ti ń jó, ojú nọ́ọ̀sì kò tíì kúrò lára ìyá, nítorí pé wákàtí 2 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó ń kà. Láyé àtijọ́, ojú lásán ni a fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ó dà, ojú a sì máa tanni jẹ. Ní ọdún 2023, ìwádìí kan tí a ń pè ní E-MOTIVE, tí ó kan àwọn obìnrin tí ó lé ní 200,000 ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà, fi ohun kan hàn wá. A tẹ́ ọ̀rá tí a fàlà ìwọ̀n sí lára sábẹ́ ìyá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tó 500 mìlílítà, a kì í ṣe ìtọ́jú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, a ó ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: a ó fi ọwọ́ ra ikùn kí ilé ọmọ lè sún kì, a ó fún ìyá ní oxytocin àti tranexamic acid, a ó fa omi sí i lára, a ó sì wá orísun ẹ̀jẹ̀ náà. Ewu ìsun-ẹ̀jẹ̀ líle dínkù ní ìdá 60 nínú 100. Ọ̀rá alámì lásán àti ọwọ́ tí ó yá ni ó ṣe èyí, pàápàá ọwọ́ àwọn agbẹ̀bí.

Bí ìmọ̀ bá wà báyìí, kí ló dé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣírò pé nǹkan bí 75,000 ìyá ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, èyí tí ó lé ní ìdámẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé? Ní ọdún 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine kọ̀wé pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa ìyá: ti ilé, ti ọ̀nà, àti ti ilé ìwòsàn. Ti ilé ni pé ìyàwó ń ṣẹ̀jẹ̀, ọkọ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́, ará ilé sì ní kí a dúró dè é. Ti ọ̀nà, gbogbo ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà Agége ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ ọ́n. Ti ilé ìwòsàn ni àìsí ẹ̀jẹ̀ ní ìpamọ́, àìsí owó lọ́wọ́ aláìsàn, àti nọ́ọ̀sì tí kò tó, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ré òkun kọjá lọ. Nínú mẹ́ta yìí, nọ́ọ̀sì kò lágbára lórí méjì àkọ́kọ́ rárá. Ìdajì ẹ̀kẹta pàápàá, ọwọ́ wa ni ó wà.

Nítorí náà, mo gbé àbá márùn-ún síwájú ẹgbẹ́ yìí. Èkíní, kí ìyá àgbà kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa bèèrè káàdì àyẹ̀wò lọ́wọ́ gbogbo aboyún wa kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Èkejì, kí gbogbo ọkọ sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, kí iṣẹ́ alẹ́ tó gbé e lọ, pé bí ewu bá dé, kí a gbé ìyàwó òun lọ láìdúró de òun. Ẹ̀kẹta, kí a kọ orúkọ àwọn tí ó ní ọkọ̀ ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí a mọ ẹni tí a ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní aago méjì òru. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin onílera lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí a wá lẹ́yìn tí ìyá ti dákú, ìpẹ́ ni yóò máa pẹ́ dé. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹgbẹ́ máa san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa kan lọ́dọọdún ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí.

Lórí àbá ìkẹyìn yìí, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Olóògbé Kofoworola Abeni Pratt. Olùkọ́ ni òun náà tẹ́lẹ̀ kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1946. Ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí nọ́ọ̀sì ní Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1960. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi mọ́ pé iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ dókítà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá sì dé wọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe pariwo mọ́ wọn. Ẹni tí ń ka èémí aláìsàn kò gbọdọ̀ ṣìkà.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Afárá àti ọ̀nà tí ẹgbẹ́ yìí ti sapá lé lórí dára, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bímọ tí ó sì yè ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ gbà á kọjá. Kí Olódùmarè jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a máa gbọ́ ohùn ọmọ, ní ilé gbogbo wa.