Nígbà Tí Oúnjẹ Kò Bá Dà: Ẹ̀kọ́ Wà Lára Ìtọ́jú

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kan tí a ti ṣe rí ní orílẹ̀-èdè yìí tó sì so èso. Láti ọdún 1985 sí 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti fi jẹ́ mínísítà ètò ìlera. Lásìkò náà, wọ́n kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ káàkiri Nàìjíríà bí wọ́n ṣe máa po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tó mọ́ fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ṣíbí ìmutíì ni wọ́n fi wọn iyọ̀ àti ṣúgà, ìgò bíà ni wọ́n fi wọn omi, torí pé kò sí ilé tí kò ní ṣíbí, kò sì sí àdúgbò tí a kì í rí ìgò. Ìyá tí kò wọ kíláàsì rí lè kọ́ ọ, kó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni oògùn. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé a kọ́ ará ìlú nípa inú tó ń sáré, a kò tíì kọ́ wọn nípa inú tí kò rìn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí inú rẹ̀ kò rìn nílò ẹ̀kọ́ bó ṣe nílò oògùn.

Oúnjẹ kì í kàn ṣubú lọ sísàlẹ̀ bí òkúta tí a jù sínú kànga. Láti ọ̀nà ọ̀fun títí dé ìdí, iṣan tó yí ọ̀nà náà ká ló ń fún oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, tó ń tì í síwájú, bí ẹni tó ń fi ìka fún omi inú ọ̀rá píọ́wọ́tà títí yóò fi tán. Sẹ́ẹ̀lì bíi ti ọpọlọ, tó ju mílíọ̀nù 100 lọ, ló wà lára ògiri ìfun tó ń darí iṣẹ́ náà. Bí ìdarí yìí bá bàjẹ́, ibi tó ti bàjẹ́ ló máa sọ irú ìyà tí èèyàn yóò jẹ. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ọ̀fun fi wọ àpò oúnjẹ ni kò ṣí mọ́, òkèlè á há, omi pàápàá á padà sókè: achalasia ni àwọn dókítà ń pè é. Bó bá jẹ́ àpò oúnjẹ ló rọ, èbà àárọ̀ lè wà níbẹ̀ di alẹ́. Gastroparesis nìyẹn, ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára sì wà lára ohun tó ń fà á. Ìfun ńlá lè lọ́ra débi pé èèyàn á lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìyàgbẹ́. Ó sì lè máa sáré lónìí, kó dúró lọ́la, kí inú máa lọ́ èèyàn láàárín méjèèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní IBS. Àwọn ọmọ kan tún wà, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 5,000 tí a bí, tí apá ìsàlẹ̀ ìfun wọn kò ní sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn rárá láti inú oyún. Harald Hirschsprung, dókítà ọmọdé ará Denmark, ló ṣàlàyé àìsàn náà ní Berlin lọ́dún 1886, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí dòní. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì àkọ́kọ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan: ọmọ tuntun tí kò ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ méjì, tí ikùn rẹ̀ sì ń wú. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ló máa kọ́kọ́ rí i, bí ẹnì kan bá ti sọ fún un pé kó máa wò ó.

Orúkọ wo la ń pe gbogbo ìwọ̀nyí níhìn-ín ní Èkó, láti Ṣógunlé títí dé Ọ̀kọ̀tá? "Ulcer" ni, tàbí jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tí oúnjẹ kò dà nínú rẹ̀, ẹni tí inú rẹ̀ kún gbandi lẹ́yìn òkèlè mẹ́ta, ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ ní kẹ́místì, oògùn kan náà ni wọ́n sì ń gbé lọ sílé. Bí wọ́n bá wá dé ọsibítù, tí wọ́n ki kámẹ́rà bọ inú wọn, wọn kò ní rí ọgbẹ́, wọ́n á sì ní kò sí nǹkan kan. Kámẹ́rà kò purọ́ o. Ìrìn ìfun ló bàjẹ́, ara ìfun ṣì ń dán. Fọ́tò dánfó kò lè sọ fún wa bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ "kò sí nǹkan kan" wúwo létí ẹni tí inú ń run lóòótọ́. Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó bá a jẹun pọ̀ pẹ̀lú ìfura pé wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ òun. Àlàyé nìkan ló lè pa ìfura yẹn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò kéré. Ìwádìí tí Olubuyide àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 1995 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí 30 nínú 100 ló ní àmì IBS. Àwọn tí ń kàwé nípa ara èèyàn lèyí o. Ní ti pé bóyá ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́, ìlú Gothenburg ní Sweden ti dán an wò. Lọ́dún 2010, Ringström àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ohun tí wọ́n rí lára àwọn 143 tó ní IBS. Wọ́n fún apá kan ní ìwé àlàyé. Apá kejì ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí méjì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí àwọn onímọ̀ ìlera sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè wọn. Ara tu àwọn tó jókòó sí kíláàsì ju àwọn tó gba ìwé lọ, ọkàn wọn sì balẹ̀ jù. Èyí gbọ́dọ̀ yé wa dáadáa, nítorí ìwé pélébé ni ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú fẹ́ràn láti pín. Ìwé kì í dáhùn ìbéèrè.

Ìlú wa yìí sì ní ìdí tirẹ̀ tí ìfun fi ń lọ́ra. Ẹ wo obìnrin tó ń tajà lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì tàbí ní ọjà Aswani ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò ní mu omi láti àárọ̀, torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà, owó ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, kò sì rí ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọjà. Bí ìgbẹ́ bá gbọ̀n ọ́n, á mú un mọ́ra. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ìdí kò ní fi bẹ́ẹ̀ ké sí i mọ́, ìgbẹ́ tó pẹ́ nínú á sì máa gbẹ sí i, nítorí iṣẹ́ ìfun ńlá ni láti fa omi. Ẹ wo awakọ̀ tó ń lo tramadol kó lè fara da ìrora àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ibi tí tramadol àti codeine ti ń mú lára láti pa ìrora wà lára ìfun náà, nítorí náà wọ́n ń dá ìrìn rẹ̀ dúró. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine lóṣù karùn-ún ọdún 2018, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ nígbà náà sì dá lórí àmupara. Ta ló sọ ti ìfun fún awakọ̀?

Ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ kì í ṣe "ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ máa mu omi" tí gbogbo wa ti gbọ́ sú. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ìgbẹ́ wọn ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí àpò oúnjẹ rẹ̀ rọ, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ á tún dá oúnjẹ dúró sí i lára ni. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, tó rọ̀, tí òróró rẹ̀ kò pọ̀, ni tirẹ̀. Bó bá ní ìtọ̀ ṣúgà tó sì ń gún insulin, ewu wà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ kò tíì kúrò níbi tó wà, ṣúgà ara á já wálẹ̀, òòyì á gbé e. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń gbẹ àti ẹni tí àpò oúnjẹ rẹ̀ rọ, àwọn méjèèjì ló ń sọ pé oúnjẹ kò dà. Ìmọ̀ràn tó gba ọ̀kan là lè ṣe èkejì léṣe, ìdí sì nìyí tí mo fi ní kíláàsì ló yẹ wọ́n, níbi tí ẹnì kan á ti béèrè ọ̀rọ̀ wò.

Àwọn kan á ní ìlú tí kọ́lẹ́rà ṣì ń jà, bó ṣe jà ní Èkó lóṣù kẹfà ọdún 2024, ohun tó ń pani lójú ẹsẹ̀ ló yẹ kó bójú tó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, tó sún mọ́ ọjà, tí kò wọ́n, ló ń dènà kọ́lẹ́rà, òun náà ló ń gba ìyá ọlọ́jà lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbígbẹ. Wọ́n tún lè ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ìfun kò wọ́pọ̀, báwo la ṣe máa kọ́ni nípa àìsàn tí a kò lè yẹ̀ wò? Ìbéèrè tí a tò dáadáa ni ìlànà àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní Rome, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2016, fi ń dá IBS mọ̀. Nọ́ọ̀sì tí a kọ́ lè béèrè wọn. Kíláàsì kan náà ló máa kọ́ni ní àmì tí a kò gbọ́dọ̀ fi jókòó sílé: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ara tó ń rù láìnídìí, òkèlè tó ń há lójoojúmọ́, ọmọ ọwọ́ tó ń bì omi àwọ̀ ewé. Ẹ̀kọ́ ló máa lé àwọn yẹn tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àtakò tó le jù lójú mi ni èyí tó kan àwọn alágbo. Àwọn kan fẹ́ kí a lé wọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò gbà. Ewé àsùnwọ̀n tí wọ́n ń sè ń mú ìgbẹ́ jáde lóòótọ́, ìbátan senna tí wọ́n ń tà ní fámásì ni. Àwọn ni aláìsàn ń kọ́kọ́ bá, láàárọ̀ kùtù, kí dókítà tó jí. Bí alágbo bá mọ̀ pé kò yẹ kí òun rọ àgbo fún ẹni tí inú rẹ̀ wú, tó ń bì, tí kò lè só, á ti gba ẹ̀mí là. Kí wọ́n jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn yòókù.

Kò sí ohun tuntun nínú gbogbo èyí. Láti ọdún 1994 ni Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá sílẹ̀ ti ń kọ́ àwọn tó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde bí wọ́n ṣe máa bá a gbé, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà sì ni ilé wọn dojú kọ. Ní kílíníìkì aboyún, orin ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ni, àwọn aboyún á sì gbè é. Ilé ìwòsàn gbogbogbò wà ní Ìsọlọ̀. Yàrá kan níbẹ̀ tó, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan àti onímọ̀ oúnjẹ kan. Ohun tó máa ṣòro ni ìtìjú, torí wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé "ẹ̀yìn ilé" là ń lọ. Lọ́dún 1997, olùwádìí méjì, Lewis àti Heaton, ní Bristol to ìgbẹ́ sí oríṣi méje, tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ bóyá ìfun ń yára tàbí ń lọ́ra. A lè ya tiwa: àkọ́kọ́ bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, èyí tó wà láàárín gùn, ó sì ń dán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó, ìkeje bí omídùn ògì. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò lè la ẹnu sọ ọ́ á dìde, á na ìka sí èyí tó jọ tirẹ̀, á padà lọ jókòó.