Ẹ Ya Àwòrán Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Pe Bíríkìlà

Púpọ̀ nínú wa ló ti fẹ̀yìn tì báyìí, tó sì ń fẹ́ sọ gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọwọ́ nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ìkánjú ni mo fi ṣe tèmi. Mo ti ra ẹ̀rọ kí n tó ro ibi tí n ó gbé e sí. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, iná lọ. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ wọ gáréèjì, mo ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí orí fi ń fọ́ mi, tí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ìyàwó mi tó gbé oúnjẹ wá ló wọ́ mi jáde. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìdárò mi lẹ ò bá máa kà níbí. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò sì tó o.

Nítorí náà, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sínú àwòrán yín:

Jẹnẹrétọ̀: ẹ wá àyè fún un níta, kó jìnnà tó 20 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Wáyà: ẹ ka gbogbo ẹ̀rọ yín fún oníná kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Ẹ̀rọ wẹ́dà gbọ́dọ̀ ní wáyà àti fíúsì tirẹ̀. Ẹ má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 amp kan ṣoṣo gbé gbogbo ẹrù.

Fèrèsé: kó wà ní ògiri méjì tó kọjú síra, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá.

Tábìlì iṣẹ́: ẹ dúró, ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀. Ibi tí ọrùn ọwọ́ yín bá dé ni kí ó ga mọ. Ẹ̀yìn tó ti dàgbà kò fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ o!

Iná: ẹ má tọ́jú epo bẹntiróò síbi tí iná ti ń ta pàrà. Ẹ gbé ẹ̀rọ panápaná sẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tó kọ́ wa ní technical drawing, a rò pé ìyà lẹ fi ń jẹ wá nígbà yẹn. Ẹ ṣé o. Kí Olúwa jẹ́ ká tún pàdé láyọ̀.