Ẹ Má Jẹ́ Kí Màmá Jókòó Tì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá. Mi ò bá ti sísáré wá o, ọ̀rọ̀ agbára iṣan ni.

Ẹ jẹ́ n bi yín: ìyá yín nílé, ṣé wọ́n ṣì lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan? Àwa ọmọ la máa ń bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe é. A gba ọmọ ọ̀dọ̀, a gbẹ́ bọ́hóòlù, a ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Obìnrin tó ti ń ru igi, tó ń gúnyán láti kékeré! Kò ní pẹ́ lórí àga yẹn tí ẹsẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí kán, ẹ mọ iye tí a máa ń dá nínú ẹgbẹ́ yìí.

Iṣan tí a kò lò, jíjoro ló ń joro. Iṣan yìí náà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ gbọ́ o.

Ṣé ó ti pẹ́ jù? Rárá. Ní 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti Boston ní Amẹ́ríkà. Arúgbó 10, ẹni nǹkan bí 90 ọdún, ni wọ́n ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ 8. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe é parí ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn méjì kò lo ọ̀pá mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà. Kò gba owó: ẹ gbé àga tó dúró dáadáa ti ògiri, kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, ìgbà 8, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é. Tó bá ti rọrùn, ẹ fi kún un, tàbí kí wọ́n di ike omi mú. Kí wọ́n má sé èémí o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí àyà ń dùn, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Tẹ́ ẹ bá pe ilé lálẹ́ òní, ẹ má kàn béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, kẹ́ ẹ máa bá wọn kà á lórí fóònù.