Ẹ Jẹ́ Kí Á Fi Orí Wọn Ara

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ọwọ́ wa a máa gbọ̀n bí a bá mú pẹ́ńsùlù. Lónìí, a ń kọ orúkọ wa, a sì ń ka lẹ́tà fúnra wa. Ọwọ́ tó lè kọ "a, b, d" lè ya àwòrán pẹ̀lú. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ yìí ni bí a ṣe ń ya ènìyàn, tí orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi bá ara wọn mu.

Ẹnìkan lè wí pé, "Àgbàlagbà ni wá. Kí la fẹ́ fi àwòrán ṣe?" Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa fún yín.

Káfíńtà kan wà láàrin wa. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò ìyá náà rí nígbà ayé rẹ̀. Ó sọ fún wa pé ìrísí ìyá òun ti ń parẹ́ lọ́kàn òun, àwọn ọmọ òun kò sì mọ ìyá àgbà wọn rárá. Ó fẹ́ yà á kí ó tó gbàgbé. Ó ya àwòrán kan, ó mú un wá. Orí tóbi bí ìkòkò, apá kúrú, ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Àwa tí a wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ká ìwé rẹ̀, ó lọ sílé. A kò rí i mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọkàn wa kò balẹ̀. A lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. A ní, "Ẹ má bínú sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ káfíńtà, ṣé ẹ lè kan àga láì wọn igi?" Ó ní, "Rárá o." A ní, "Àwòrán ènìyàn náà ń fẹ́ wíwọ̀n." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà wá. Ohun tí gbogbo wa wá jọ kọ́ nìyí.

Kí ni a óò fi wọ̀n? Orí ni. Láti àtàrí dé àgbọ̀n, ìyẹn ni orí kan. Bí àgbàlagbà bá dúró, gíga rẹ̀ tó orí méje tàbí méje ààbọ̀. Ọmọ tuntun kò ju bí orí mẹ́rin lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bí orí márùn-ún. Ṣé ẹ rí i? Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn ju bí orí rẹ̀ ṣe ń tóbi lọ. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà tí a ya orí rẹ̀ tóbi jù fi ń jọ ọmọdé.

Ẹ mú ìwé àti rúlà. Ẹ fa ìlà kan tó dúró gbọọrọ, kí ó gùn tó ínṣì méje ààbọ̀. Ẹ sàmì sí i ní ínṣì kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ínṣì kìíní ni orí. Ínṣì kejì parí sí orí ọmú. Ìkẹta parí sí ìdodo. Díẹ̀ kí ìkẹrin tó parí ni ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pínyà. Ibẹ̀ ni ìdajì ara. Orúnkún sì wà ní nǹkan bí agbedeméjì ibẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Èjìká ọkùnrin fẹ̀ tó bí orí méjì. Ti obìnrin dín díẹ̀.

Ó kù apá. Ẹ dìde dúró ná, ẹ jẹ́ kí apá yín wálẹ̀. Ìgúnpá sún mọ́ ọ̀gangan ìdodo, orí ìka sì dé nǹkan bí àárín itan. Ẹ wá gbé ọwọ́ bo ojú yín. Láti àgbọ̀n, ìka yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, àbí? Nítorí náà, ẹ má ya ọwọ́ kékeré fún ènìyàn ńlá. Ẹ na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnìkan fi okùn wọ̀n ọ́n láti orí ìka kan dé èkejì. Okùn náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gíga yín dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí á wo ojú pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ẹyin ojú sí òkè, lẹ́bàá irun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín orí gan-an ni ẹyin ojú wà, láti àtàrí dé àgbọ̀n. Àyè tó wà láàrin ẹyin ojú méjèèjì tó láti gba ẹyin ojú kan sí i.

Ẹ lè bi wá pé, "Àwọn agbẹ́gilére wa ńkọ́, tí wọ́n ń gbẹ́ orí ńlá? Ṣé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe ni?" Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe o! Ní 1957, a rí ère idẹ ọba kan tó dúró nínú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, ní Ilé-Ifẹ̀. Gíga rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 47. Orí rẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara. Síbẹ̀, bí ẹ bá wo ojú àwọn ère orí ti Ifẹ̀, ẹ ó rò pé ènìyàn gidi ni. Àwọn tó ṣe wọ́n kò ṣe àṣìṣe. Orí ni olórí ara, wọ́n sì fún un ní àyè ọlá. Ẹni tó mọ ìwọ̀n ló lè yí ìwọ̀n padà.

Ẹ má sì wí pé ó ti pẹ́ jù fún yín. Olóògbé Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni a bí ní 1882. Fúnra rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń kọ́ àwòrán yíyà. Ní 1920, nígbà tó ti tó bí ẹni ọdún 38, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ọ sí i. Ó padà dé ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó. Àgbàlagbà ló lọ jókòó níwájú olùkọ́ yẹn o.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ káfíńtà wa. Ó rántí pé orí àpótí ni ìyá òun máa ń jókòó sí, tí igbá ẹ̀gúsí yóò wà lórí itan rẹ̀. A sọ fún un pé bí ènìyàn bá jókòó, láti àtàrí dé ìdí tó bí orí mẹ́rin. Ó wọ̀n ọ́n, ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Nígbà tó parí rẹ̀, ó gbé e lọ han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n náà wò ó títí. Ó ní, "Ojú yìí kò jọ ojú màámi. Ṣùgbọ́n ìjókòó wọn rèé. Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó gan-an nìyí." Ó sì bú sẹ́kún.

Ọkùnrin náà ṣì ń ya ojú. Kò tíì tó o, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwa náà kò fi àwòrán ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín mọ́.

Kí á tó tún pàdé, kí olúkúlùkù ya ẹnìkan nínú ilé rẹ̀, kí ó kọ orúkọ onítọ̀hún sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi orí wọ̀n ọ́n.