Yúnyún Lẹ́yìnkùlé Awo

 

Bí wọ́n bá ń kó ọmọ jáde, oyin kì í gbẹ́yìn nínú ohun àdúrà. Ta ní ń béèrè ibi tí kòkòrò tó ṣe oyin náà ti jẹun?

Ní Igbóbì, tí etí ṣì ń gbọ́ igbó àti obì nínú orúkọ rẹ̀, sìmẹ́ńtì ti bo ọ̀pọ̀ àgbàlá. Ẹ̀bá gọ́tà ni ewéko kù sí, oògùn apakòríko sì ń bá a níbẹ̀. Awo tí ń ra ewé ní Mushin, tó tún ń da oògùn sí ewé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ fún Ọ̀sanyìn?

Yúnyún wà lára ewé wọ̀nyí. Aspilia africana ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà sì ni. Àwọn àgbà a máa rún un sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ó yẹ Igbóbì, níbi tí ilé ìwòsàn eegun ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945 pẹ̀lú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. (Ẹni tí ọkọ̀ bá gbá, kó má dúró ti ewé o.)

Ohun tí ojú rí bí òdòdó yúnyún kan, tó pọ́n rúsúrúsú, àgbájọ òdòdó kéékèèké ni. Oyin a bà á, labalábá a bà á. Kòkòrò kan náà ní ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ elégédé lọ fún abo. Bí kò bá wá, elégédé kò ní so.

Bí òjò bá ti rọ dáadáa, kí ènìyàn gé ọ̀pá rẹ̀ tó ṣì tutù, kó rì í sínú erùpẹ̀ lábẹ́ ìbòòji títí yóò fi ta gbòǹgbò, kó tó gbé e sí oòrùn. Ike ọ̀dà tó ti lu nídìí tó fún ẹni tí kò nílẹ̀. Yúnyún a máa tàn, aládùúgbò kò sì bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Kí ó máa gé e bí òdòdó bá ti rẹ̀, ehoro yóò jẹ èyí tó gé. Kí ó sì fi erùpẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìda sìmẹ́ńtì sí i, torí oyin mìíràn wà tí kì í gbé inú afárá, inú ilẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò sí.