Ìtọ́jú Eyín: Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ fún Gbogbo Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde Nílé Lóko
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Nígbà tí ẹgbẹ́ pàṣẹ fún ìgbìmọ̀ wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera, àwọn kan rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ibà ni a ó mú ẹnu bà. Àwọn wọ̀nyí kò kéré. Ṣùgbọ́n eyín ni a yàn, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Ní ti wa, kòkòrò ni ó ń jẹ ará ilé wa, àwa kò sì sọ nǹkan kan.

Arákùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, bíríkìlà ni. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó fún wa láyè pé kí a sọ ọ́. Eyín ẹ̀yìn kan lu ihò ní ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dùn ún, ó ra oògùn ara ríro, ó sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún dé. Ẹnìkan ní kí ó fi tábà sí i. Ẹlòmíràn ní kí ó fi òwú rẹ omi bátìrì ọkọ̀, kí ó fi dí ihò náà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Èrìgì rẹ̀ bó, eyín kò sì yé dùn ún. Nígbà tí ó wá sí ìpàdé oṣù pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, àwa tí a jókòó níbẹ̀ fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. A ní àkàrà ni ó fi pamọ́ sẹ́nu tí kò fẹ́ fún wa jẹ. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

Ní ọjọ́ kẹta, ọrùn rẹ̀ ti wú, kò lè gbé itọ́ mì, bí ó bá sì dùbúlẹ̀ kò lè mí dáadáa. Òru ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n fa ọyún jáde, wọ́n sì yọ eyín náà. Ọjọ́ 11 ni ó lò lórí ibùsùn. Dókítà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí wọ́n bá dúró kí ilẹ̀ mọ́, ọ̀ràn náà ì bá ti bọ́ sórí. Owó tí a dá jọ fún un ì bá tó dí irú ihò eyín bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀fẹ̀ tí a ṣe ti ń dùn wá lọ́kàn, nítorí náà ni a ṣe dúró níwájú yín lónìí.

KÍ NI Ó Ń BA EYÍN JẸ́?

Àwọn bàbá wa pe àrùn yìí ní akokoro, wọ́n sì gbà pé kòkòrò kan wà nínú eyín tí ń gbẹ́ ẹ. Wọn kò ṣìnà pátápátá. Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ojú lè rí, kì í sì í ṣe èyí tí a lè fi oògùn lé jáde kí ó bọ́ sínú àwo gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹ́tàn ti máa ń fi hàn ní ọjà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni, wọ́n sì ń gbé ní ẹnu gbogbo wa. Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà jẹ níbẹ̀, wọn a sì sọ ṣúgà di omi kíkan. Omi kíkan yìí ni ó ń yọ́ èèpo líle tí ó bo eyín, díẹ̀díẹ̀, títí ihò yóò fi lu. Nígbà tí ihò bá dé ibi tí iṣan wà ní àárín eyín, ìgbà náà ni oorun á dá lójú ẹni.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe bí ṣúgà ti pọ̀ tó nìkan ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe iye ìgbà tí ó ń kan eyín ní ojúmọ́. Àwa Ìjẹ̀bú ni a ni gaàrí tí ó kan dáadáa, a kò sì ní torí eyín kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bu ṣúgà sí gaàrí, tí ó gbé e ka iwájú ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kò fún eyín rẹ̀ ní ìsinmi rárá. Kí ó fi ẹ̀pà tàbí ẹja mu ún ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó fi omi yọ ẹnu, kí ó sì jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Bákan náà ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti súìtì tí a ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún.

Àrùn kejì ni ti èrìgì, èyíinì ni ẹran ara tí ó di eyín mú. Ìdọ̀tí tí a kò fọ̀ a máa le bí òkúta sí ìdí eyín, èrìgì a wú, a máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu a máa rùn, eyín a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ níláti ṣọ́ra gidigidi, nítorí àtọ̀gbẹ a máa mú àrùn èrìgì le, àrùn èrìgì náà a sì máa mú àtọ̀gbẹ ṣòro láti ṣàkóso.

Àwa nìkan kọ́ ni èyí ń bá jà. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àwọn tí àrùn ẹnu ń ṣe ní gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,500,000,000.

ORIN ÌJẸ̀BÚ

Ohun ìyanu ni pé ìlú wa ni ó ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn orin tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Orin Ìjẹ̀bú, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákò Ìjẹ̀bú, ni àwọn onímọ̀ ewéko pè ní Massularia acuminata. Igi kékeré inú igbó ni, ìbátan kọfí sì ni. Ní ọdún 1977, Akpata àti Akinrimisi tẹ ìwádìí wọn jáde lórí omi àwọn orin ilẹ̀ wa, wọ́n sì rí i pé ó ń pa àwọn kòkòrò ẹnu. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe àwọn ìyá tí ń ta orin ní ọjà ní ará àtijọ́, òun ni kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń run orin ní iwájú ẹnu nìkan, kí eyín tí ó hàn lè funfun, a ó sì gbàgbé eyín ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn eyín, níbi tí akokoro fẹ́ràn jù. Àwọn mìíràn a máa fi agbára ha á títí èrìgì yóò fi sá sẹ́yìn. Ẹ run ún títí yóò fi rọ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ rọra fi dé gbogbo igun ẹnu. Ní alẹ́, ṣáájú oorun, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride fọ eyín fún ìṣẹ́jú méjì. Fluoride a máa mú èèpo eyín le. Ẹ tu ìfófòó náà dànù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí agbára rẹ̀ má bàa lọ.

BÍ A BÁ DÉ Ọ̀DỌ̀ DÓKÍTÀ EYÍN

Ẹ̀rù ni ó ń pa ọ̀pọ̀ wa, nítorí a rò pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí dókítà eyín mọ̀ ni kí ó fa eyín yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Èkíní, àyẹ̀wò. Kí olúkúlùkù lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí kò tilẹ̀ sí ohun tí ń dùn ún. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà, àti bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn.

Èkejì, fífọ eyín. Wọ́n ń fi irin iṣẹ́ há ìdọ̀tí líle kúrò ní ìdí eyín. Àwọn ènìyàn ní fífọ yìí ń ya eyín. Irọ́ ni. Òkúta ìdọ̀tí ni ó ti dí àyè náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó kúrò ni a tó rí àyè tí àrùn ti ṣe.

Ẹ̀kẹta, dídí ihò eyín. Wọ́n á gbẹ́ ibi tí ó ti jẹrà kúrò, wọ́n á sì dí i. Bí ihò náà bá ṣì kéré, iṣẹ́ ìjókòó kan ni.

Ẹ̀kẹrin, ìtọ́jú iṣan inú eyín. Bí àrùn bá ti dé iṣan, a lè fọ inú eyín mọ́ kí a sì dí i, kí eyín náà dúró sí ẹnu. Ó lè gba ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ sì ju ti dídí lásán lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹ tètè lọ.

Ẹ̀karùn-ún, yíyọ eyín. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ibẹ̀ kú kí wọ́n tó yọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gé òwú tí wọ́n fi síbẹ̀ mọ́ ẹnu fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ má yọ ẹnu ní ọjọ́ náà, ẹ má mu sìgá, ẹ má mu ọtí. Láti ọjọ́ kejì, ẹ lè máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu pẹ̀lẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yọ ọ́.

Ẹ̀kẹfà, eyín àtọwọ́dá. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní in, ẹ máa bọ́ ọ ní alẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í sínú omi tútù. Omi gbígbóná a máa ba á jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ọrùn bá wú, tí ara gbóná, tí ẹnu kò ṣe é là, tàbí tí mímì àti mímí ṣòro, kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀la mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé onítọ̀hún dé ilé ìwòsàn. Egbò ẹnu tí kò bá sì san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí dókítà rí i, pàápàá ní ẹnu ẹni tí ń lo tábà.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ỌMỌ

Ẹ̀yin ìyá wa, eyín a máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní nǹkan bí oṣù 6. Ìgbẹ́ gbuuru àti ibà líle tí ó bá bá ìgbà náà pàdé kì í ṣe ti eyín. Àrùn mìíràn ni, kí a sì gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ rántí òpin ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí oògùn eyín ọmọdé kan tí májèlé wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè wa. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò ṣe ju ohun tí gbogbo wa ń ṣe lọ.

Eyín ọmọdé jẹ́ 20. Ní bí ọdún 6, eyín ńlá kan á yọ ní ẹ̀yìn gbogbo wọn, láìjẹ́ pé eyín kankan ká ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé òun náà yóò ká, wọn kò sì bìkítà nígbà tí ó bá lu ihò. Eyín ayérayé ni! Bí ó bá lọ, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá sì ṣubú tí irú eyín ayérayé bẹ́ẹ̀ ṣí kúrò, ẹ má fi ọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi í sínú mílíìkì tútù, kí ẹ sáré gbé ọmọ àti eyín lọ bá dókítà kí wákàtí kan tó kọjá, nítorí ó ṣeé dá padà.

Aboyún náà kò gbọdọ̀ sọ pé ó di ẹ̀yìn ìbímọ. Èrìgì aboyún a máa tètè wú, a sì lè tọ́jú rẹ̀ láìléwu. Kí ó ṣáà sọ fún dókítà pé òun lóyún.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ wa ń gbé ka iwájú yín. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yan ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, nígbà tí gbogbo ọmọ ìlú bá wà nílé, kí a ké sí àwọn dókítà eyín láti yẹ ẹnu àwọn ọmọ ilé-ìwé wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí régbérégbé bá lè rán aṣọ kan náà, tí wọ́n sì lè lọ kí Ọba, kò yẹ kí ilé-ìwé kan ṣoṣo wúwo jù fún régbérégbé kan láti gbé. Èkejì, kí a ya owó kékeré sọ́tọ̀ fún ẹni tí eyín bá ń dùn tí kò sì ní owó ìtọ́jú, kí a má tún dúró di ìgbà tí ọrùn bá wú kí a tó dá owó. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní òkè òkun, nígbà tí ẹ bá ń di ẹrù bọ̀ wálé, ẹ dín súìtì kù nínú rẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kún un. Ẹ̀yin náà ẹ tọ́jú ara yín: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, aboyún, àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan kì í sanwó ìtọ́jú eyín lábẹ́ NHS. Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ dókítà eyín níbẹ̀, ìlú yín ń fi ọ̀sẹ̀ kan péré tọrọ lọ́wọ́ yín.

Arákùnrin wa bíríkìlà jókòó láàrin wa lónìí. Àpá ọ̀bẹ wà ní abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wọ ìpàdé yìí, kí ẹni tí ó jókòó tì í má ṣe fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Kí ó dìde, kí ó sì mú un lọ.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ìlera, kí ó sì jẹ́ kí a fi eyín wa rẹ́rìn-ín dọjọ́ alẹ́. Àmín.